Iṣẹ́ Ọnà Ìta Gbangba àti Ipa Èèṣì Nínú Àtinúdá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí gan-an ni à ń pè ní iṣẹ́ ọnà ìta gbangba?

Iṣẹ́ ọnà ìta gbangba ni iṣẹ́ ọnà èyíkéyìí tí a gbé kalẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ tọmọdé tàgbà ń dé: ère ní ojúde ìlú, àwòrán lára ògiri tó dojú kọ títì, fèrèsé aláràbarà nínú ilé ìjọsìn, òkúta tí a tò sétí omi, kódà ohùn tí ń jáde láti inú ilé àtijọ́ kan. Títóbi kọ́ ló yà á sọ́tọ̀, owó tí a ná sí i kọ́ sì ni. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò lè yan ẹni tí yóò wò ó. Ẹni tó bá wọ ilé tí a ń kó iṣẹ́ ọnà sí ti múra sílẹ̀ láti wo nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kò múra ohunkóhun sílẹ̀. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ère náà lójú ọ̀nà ni. Nítorí náà, èèṣì ti bá iṣẹ́ ọnà ìta gbangba tan kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù.

Èèṣì tí ẹ ń sọ yìí, ṣé àṣìṣe ni àbí orí-ire?

Ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀, nítorí pé èdè Yorùbá kò fi wọ́n ṣe ọ̀kan. Àṣìṣe ni ohun tí a ṣe tí kò rí bí a ṣe fẹ́ kí ó rí. Èèṣì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó pète rẹ̀. Àkọsẹ̀bá ni ohun tí a kò wá tí a sì bá pàdé, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ nǹkan iyebíye lójú ọ̀nà. Kòńgẹ́ ni ti ohun méjì tó pàdé láìdá àdéhùn. Orí-ire ni orúkọ tí à ń fún èyíkéyìí nínú wọn lẹ́yìn tó bá ti yọrí sí rere.

Ọ̀kan ṣì kù tó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tiwa, òun sì ni gègé. Ẹni tó ń ṣẹ́ gègé mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣẹ́ ẹ ni. Òun ló yan ohun tí yóò wà nínú àpò, òun ló pinnu ìgbà tí yóò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni èyí tí ọwọ́ yóò bà. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà tí a ó dárúkọ nísàlẹ̀ yìí kò dúró de èèṣì kí ó wá bá wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n sì fi ibi tí yóò jókòó sí hàn án.

Bí èèṣì bá ti dá sí iṣẹ́, kí ló wá kù tí oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ṣe?

Ìbéèrè yìí ni mo kà sí gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ náà, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dá a lóhùn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé iṣẹ́ tí a kò fọwọ́ darí láti òkè délẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan ní àwòfín. Ní ọdún 1913, ní ìlú Paris, Marcel Duchamp, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, mú òwú tó gùn ní mítà kan géérégé. Ó nà án gbọọrọ, ó gbé e sókè ní ìwọ̀n mítà kan sí orí aṣọ ìyàwòrán tí ó ti kùn ní àwọ̀ bùlúù tó ṣú, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Òwú náà jábọ́, ó lọ́, ó tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún, ó sì sùn sílẹ̀ bó ti wù ú. Duchamp kò fọwọ́ tún un ṣe. Ó fi fáníìṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó sùn sí, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú òwú kejì àti ìkẹta. Nígbà tó yá, ó gé igi pẹlẹbẹ mẹ́ta tí etí wọn tẹ̀ lé títẹ̀ òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹni pé rúlà tuntun ni, ó sì ń fi wọ́n fa ìlà nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn.

Ẹ wá ka ohun tí èèṣì ṣe níbẹ̀: títẹ̀ òwú, ó parí. Ta ló ní kí ó jẹ́ òwú, tí kò fi jẹ́ okùn? Ta ló ní mítà kan, tí kò sọ pé méjì? Ta ló pinnu pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó jù ú, tí a ó sì dúró? Ta ló kọ̀ láti fi ìka kan tì í nígbà tó jábọ́ tán? Gbogbo ìyẹn jẹ́ ìpinnu, èyí tó kẹ́yìn ló sì ṣòro jù nínú wọn. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti fa ìlà tó gún mọ bó ti nira tó láti ká ọwọ́ kan náà kò. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ẹni tó ń bá èèṣì lò wà ní ibi méjì. Ó wà ní ìṣáájú, níbi tí ó ti ń pinnu ibi tí èèṣì lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ wọ̀, ó sì wà ní ìkẹyìn, níbi tí ó ti ń wo ohun tó jáde, tí ó ń sọ pé, "Èyí dúró," tàbí, "Èyí kò dúró." Àárín nìkan ni ó fi sílẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ òde òní ni èyí, àbí àwọn àtijọ́ náà mọ̀ ọ́n?

Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Pliny, ọmọ ilẹ̀ Róòmù tó kú ní ọdún 79, sọ ìtàn ayàwòrán ará Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Protogenes, tó ń ya ajá tó ń mí hẹlẹ, tí kò sì rí ìfófòó ẹnu rẹ̀ yà bó ṣe yẹ. Ó yà á, ó nù ún, ó tún yà á. Iṣẹ́ ọwọ́ ṣì ń hàn nínú rẹ̀ jù. Nígbà tí inú bí i, ó ju kànrìnkàn tó fi ń nu ọ̀dà lu àwòrán náà, kànrìnkàn sì tẹ ìfófòó síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe ń wá a. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni pé àwọ̀ ara kànrìnkàn náà kò ṣàdédé débẹ̀. Àwọ̀ tí Protogenes fọwọ́ ara rẹ̀ pò, tí ó kùn, tí ó sì nù kúrò léraléra, ló wà lára rẹ̀.

Leonardo da Vinci, tó kú ní 1519, gba àwọn ayàwòrán nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa tẹjú mọ́ ara ògiri tó ní àbàwọ́n, nítorí ojú tó bá wò ó pẹ́ yóò rí òkè, odò, igi àti ogun níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1785, Alexander Cozens tẹ ìwé kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ni bí a ṣe ń da àbàwọ́n tádàwà sórí ìwé, tí a ó sì yọ àwòrán ilẹ̀ àti òkè jáde láti inú rẹ̀. Ní Zurich, láàárín 1916 sí 1917, Jean Arp ya ìwé ní ègé onígun mẹ́rin, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé mìíràn, ó ní òfin èèṣì ló tò wọ́n. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ náà, ẹ wò ó dáadáa: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ègé kan tó gun èkejì, àlàfo àárín wọn sì ń tu ojú lára. Lójú tèmi, ọwọ́ Arp kò jìnnà síbẹ̀ nígbà tí ìwé náà ń bọ́.

Ṣé a lè gbé iṣẹ́ tó ti inú èèṣì wá síbi tó lọ́wọ̀, kí ó sì wà níbẹ̀ pẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Kàtídírà Cologne ní ilẹ̀ Jámánì pàdánù gíláàsì fèrèsé ńlá ìhà gúúsù rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Gerhard Richter ni wọ́n gbé iṣẹ́ fèrèsé tuntun lé lọ́wọ́, wọ́n sì ṣí i ní 2007. Kò ya ẹni mímọ́ kankan sínú rẹ̀, kò sì ya ìtàn Bíbélì kankan. Ègé gíláàsì onígun mẹ́rin tó lé ní 11,000 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú, ní àwọ̀ 72. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kí ó ṣẹ́ gègé ibi tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí Richter kò jẹ́ kí gègé fọwọ́ kàn. Inú àwọ̀ tí wọ́n ti lò fún àwọn fèrèsé àtijọ́ kàtídírà náà ni wọ́n ti ṣa àwọ̀ 72 yẹn, kí tuntun má bàa ṣe àjèjì láàárín àwọn àgbà rẹ̀. Bákan náà, kò jẹ́ kí èèṣì to gbogbo rẹ̀: àwọn apá kan jẹ́ ẹ̀dà apá mìíràn bí ìgbà tí a wo dígí, débi pé ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ètò kan wà níbẹ̀, láìlè sọ irú ètò tó jẹ́. Nígbà tí oòrùn bá gba ibẹ̀ wọlé, àwọ̀ á dà sórí òkúta ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, á sì máa rìn bí oòrùn ṣe ń rìn. Kádínà ìlú náà nígbà yẹn kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó wá ẹni mímọ́ nínú fèrèsé tí wọn kò rí i, síbẹ̀ mi ò mọ iṣẹ́ òde òní mìíràn tó fi èèṣì sí ìtẹríba tó báyìí.

Ǹjẹ́ a lè fi gègé yan ènìyàn, kí ènìyàn sì jẹ́ iṣẹ́ ọnà?

A ti ṣe é rí. Òpó òkúta mẹ́rin tí a kọ́ fún ère ló wà ní igun Trafalgar Square ní London. Wọ́n kọ́ ìkẹrin ní 1841 láti gbé ère ọba William Kẹrin lórí ẹṣin lé, ṣùgbọ́n owó kò tó, òpó náà sì wà lófìfo fún ohun tó lé ní 150 ọdún. Àìrówó ìgbà yẹn ló sọ ọ́ di ibi tí iṣẹ́ ọnà ti ń ṣípò fún ara wọn lónìí. Ní 2009, Antony Gormley ní kí a gbé ènìyàn alààyè síbẹ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù Keje títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, tọ̀sán tòru fún 100 ọjọ́, ènìyàn 2,400 gun orí òpó náà, wákàtí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló fi gègé mú wọn láàárín àwọn tó forúkọ sílẹ̀. A ṣètò rẹ̀ kí ọkùnrin àti obìnrin lè dọ́gba, kí agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ní ìpín gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gègé ló kù.

Ẹ fojú inú wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ kan ló yàn wọ́n. Ìgbìmọ̀ ì bá mú ẹni tó lè sọ̀rọ̀, ẹni tó lẹ́wà, ẹni tí ìtàn ayé rẹ̀ wúni lórí. Gègé kò mojú ẹnikẹ́ni. Níbi tí a ti ń gbé ọba àti ọ̀gágun sí, ẹni tí kò ní oyè kankan dúró ní agogo mẹ́ta òru, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ojúde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá páropáro nísàlẹ̀. Àwọn kan jó, àwọn kan gbé àkọlé ohun tó ń dùn wọ́n, àwọn kan kàn jókòó. Ó sú àwọn òǹwòran nígbà mìíràn, mo sì gbà pé sísú náà wà lára iṣẹ́ ọ̀hún.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí òkúta bá kọ̀ fún oníṣẹ́ ọnà?

Òkúta mábù tí Michelangelo fi gbẹ́ ère Dáfídì ní Florence ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Agostino di Duccio bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ ní 1464, ó fi í sílẹ̀; Antonio Rossellino gbà á ní 1476, òun náà kò bá a débì kan. Òkúta náà wà nínú ọgbà iṣẹ́ kàtídírà, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, fún nǹkan bí ọdún 25. Ní 1501 ni wọ́n gbé e fún Michelangelo, ọmọ ọdún 26. Ó ga fíofío, ṣùgbọ́n kò nípọn, àwọn tó ṣáájú sì ti gé lára rẹ̀. Kò sí àyè láti na apá ère náà síwájú tàbí láti yí ara rẹ̀ po. Ẹ wo bí Dáfídì ṣe dúró: ara rẹ̀ tẹ́ sí iwájú, ẹsẹ̀ kan ló gbé ìwúwo rẹ̀, apá kan sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà, orí nìkan ló yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdúró tí gbogbo ayé mọ̀ yìí, ọwọ́ àwọn tó ba òkúta jẹ́ wà nínú rẹ̀.

Èèṣì kejì tẹ̀ lé e. Orí kàtídírà, lókè lọ́hùn-ún, ni wọ́n pète láti gbé ère náà sí. Nígbà tó parí ní 1504, tí àwọn ènìyàn rí ohun tó ga ju mítà 5 lọ tó sì pé pérépéré báyìí, wọ́n pe ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ, Leonardo àti Botticelli wà níbẹ̀, láti tún ibi tí yóò wà rò. Iwájú ààfin ìjọba ìlú ni wọ́n gbé e sí, ó sì wà níta níbẹ̀ títí di 1873.

Ní Mount Rushmore, òkè kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n gbẹ́ orí ààrẹ mẹ́rin sí lára, ìhà ọ̀tún Washington ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ojú Jefferson. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, wọ́n rí i pé òkúta ibẹ̀ kò dára, wọ́n fi àdó olóró fọ́ ojú náà dànù ní 1934, wọ́n sì tún un gbẹ́ ní ìhà kejì. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ orí mẹ́rin tí gbogbo ènìyàn ń wò lónìí ti ibẹ̀ wá.

Ṣé iṣẹ́ ọnà ìta gbangba máa ń parí lọ́jọ́ tí a bá ṣí aṣọ lójú rẹ̀?

Rárá o. Ère Òmìnira tó wà ní èbúté New York ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1886, àwọ̀ bàbà ló ní, ó pọ́n, ó sì ń dán. Bàbà tó bo ara rẹ̀ kò nípọn ju mìlímítà 2.4 lọ. Afẹ́fẹ́ òkun, òjò àti èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbà yìí ṣiṣẹ́. Ó kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí àwọ̀ ewé ní abala abala, nígbà tí yóò sì fi di nǹkan bí ọdún 1920, gbogbo ara rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ní 1906, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ya owó sọ́tọ̀ láti tún un ṣe àti láti kùn ún. Àwọn ará ìlú fárígá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ogun wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé èépá aláwọ̀ ewé náà ló ń dáàbò bo bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n bá fi í sílẹ̀. Àwọ̀ tí Bartholdi tó ṣe ère náà kò yàn ni gbogbo ayé fi mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Robert Smithson ti ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí i. Ní 1970, ó fi òkúta dúdú àti erùpẹ̀ ṣe ọ̀nà kan tó ká bí ìkarahun ìgbín wọ inú adágún omi iyọ̀ ńlá tó wà ní Utah. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 460. Láàárín ọdún díẹ̀, omi adágún kún, ó bò ó mọ́lẹ̀, Smithson alára sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní 1973. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣẹ́ náà fi wà lábẹ́ omi. Nígbà tí ọ̀dá fa omi sẹ́yìn ní 2002, òkúta dúdú náà jáde pẹ̀lú iyọ̀ funfun lára gbogbo rẹ̀.

Ní Zadar ní ilẹ̀ Croatia, Nikola Bašić kọ́ àtẹ̀gùn òkúta sétí òkun ní 2005, ó sì ri páìpù 35 mọ́ abẹ́ rẹ̀ láàárín mítà 70. Ìgbì tó bá lu etí odi yóò ti afẹ́fẹ́ sínú páìpù, páìpù á sì dún. Bašić àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ yan ohùn tí páìpù kọ̀ọ̀kan lè dún, kí ohùn wọn lè máa bá ara wọn mu. Èwo ni yóò dún, ìgbà wo, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó: òkun ló ń pinnu ìyẹn, ìgbì ọkọ̀ ojú omi tó bá kọjá náà sì ń dá sí i.

Ipa wo ni àwọn ará ìlú ń kó?

Wọ́n ń kó ipa tí ẹnikẹ́ni kò lè yàwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ògiri ìrántí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú ní Vietnam, tó wà ní Washington. Ní 1981, iṣẹ́ 1,421 ni wọ́n fi du ìdíje náà, nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn, kò sí orúkọ. Nọ́ńbà 1026 ló jáwé olúborí. Maya Lin ló ni ín, ọmọ ọdún 21, tó ṣì wà ní yunifásítì. Nígbà tí ògiri òkúta dúdú náà parí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀: bàtà ológun, lẹ́tà, àwòrán ọmọ tí bàbá kò rí. Wọ́n ń gbé bébà lé orúkọ àwọn tó kú tí a gbẹ́ sára ògiri náà, wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù ha á títí orúkọ náà yóò fi yọ. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ibẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ohun náà pamọ́. Ògiri nìkan ló wà nínú ohun tí wọ́n ń díje lé lórí. Ìyókù, ìbànújẹ́ àwọn ènìyàn ló mú un wá.

Ó sì máa ń rí òdì kejì. Ní 1981 kan náà, Richard Serra gbé ògiri irin kan tó gùn ju mítà 36 lọ la ojúde kan já níwájú ilé iṣẹ́ ìjọba ní New York. Ó fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá ṣàkíyèsí ìrìn ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣàkíyèsí ni pé ó dínà mọ́ wọn. Ní 1985, a jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní gbangba. Àwọn tó sọ pé kí ó dúró pọ̀ ju àwọn tó ní kí a gbé e lọ, síbẹ̀ ní oṣù Kẹta 1989, wọ́n gé e sí mẹ́ta lóru, wọ́n sì kó o lọ. Mo rò pé Serra ṣe àṣìṣe kan: ó fi àyè sílẹ̀ fún ìpàtà láti ṣe irin náà bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ ènìyàn.

Ṣé gègé tí kọ̀ǹpútà ń ṣẹ́ jẹ́ gègé lóòótọ́?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣirò ni. Kọ̀ǹpútà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà kan, ó sì ń ti ara rẹ̀ bí àwọn tó kù. Bí ẹ bá fún un ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, èsì kan náà ni yóò fún yín. Fún iṣẹ́ ọnà, ìyẹn ti tó, nítorí pé ohun tí oníṣẹ́ ọnà ń fẹ́ ni pé kí ó má ti inú ìfẹ́ ọkàn òun wá. Ní 1960, kọ̀ǹpútà kọ́ ni François Morellet lò fún àwòrán onígun mẹ́rin 40,000 rẹ̀. Ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù ló ń tẹ̀ lé, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì gba àwọ̀ kan, èyí tí kò ṣeé pín gba èkejì. Vera Molnár, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Paris ní 1968, mọ ìwọ̀n rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ó máa ń to ìlà àti onígun mẹ́rin sí ipò gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun, á wá fi ìdàrúdàpọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Ìdá kan yẹn ni ojú yóò máa wá kiri.

Ṣé gbogbo èèṣì ló yẹ kí a gbà?

Kò rí bẹ́ẹ̀, ibi tó sì ti ṣe pàtàkì jù láti kọ èèṣì ni ìta gbangba. Ní 1991, Christo àti Jeanne-Claude ṣí agboorùn ńláńlá 3,100, àwọn aláwọ̀ bùlúù ní Japan, àwọn aláwọ̀ ìyeyè ní California. Afẹ́fẹ́ líle tu ọ̀kan nínú ti California, ó sì pa obìnrin kan. Wọ́n pàṣẹ pé kí a pa gbogbo agboorùn náà dé. Nígbà tí wọ́n ń tú wọn palẹ̀ ní Japan, iná mànàmáná pa òṣìṣẹ́ kan. Kò sí ẹwà tó lè san gbèsè irú èyí. Ère ańgẹ́lì tí Gormley gbé dúró sí Gateshead ní 1998, tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 54, ní òpó kọnkéré tó wọlẹ̀ ní nǹkan bí mítà 20, nítorí ìjì. Ẹni tó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ bá òun ṣeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ohun tí afẹ́fẹ́ lè ṣe.

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ewu, ó yẹ kí a kọ èèṣì tí kò sọ nǹkan kan. Duchamp tún lọ́wọ́ nínú èyí. Iṣẹ́ gíláàsì ńlá rẹ̀, tó ṣe láti 1915 sí 1923, fọ́ nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e padà láti ibi àfihàn kan ní Brooklyn. Nítorí pé wọ́n to abala méjèèjì lé ara wọn, sísán wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó sì tan láti abala kan dé èkejì. Ó lè pa á tì, ó sì lè ṣe òmíràn. Dípò ìyẹn, ní 1936, ó jókòó to ègé gíláàsì náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó há wọn sáàárín gíláàsì mìíràn, ó sì sọ pé sísán náà ti di ara iṣẹ́ òun. Ó gbà á nítorí pé ìlà wọn bá ìlà tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ká ní wọ́n rún wómúwómú ni, mi ò rò pé ì bá gbà á.

Mo fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé kékeré, kí ẹ tó sún mọ́ ògiri ẹnikẹ́ni. Ẹ gé ègé ìwé aláwọ̀ ogún. Kí ẹ tó ju ẹyọ kan, ẹ kọ òfin yín sílẹ̀: láti ibo ni ẹ ó ti jù ú, ẹ̀ẹ̀melòó, kí ni ẹ ó ṣe sí èyí tó bá bọ́ sí ìta. Ẹ jù wọ́n, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kó wọn, ẹ tún jù wọ́n, títí yóò fi di ìgbà mẹ́wàá. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé wọ́n máa ń kóra jọ síbì kan, tí ibòmíràn á sì ṣófo. Bí èèṣì ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọwọ́ ènìyàn ló máa ń pín nǹkan dọ́gbadọ́gba. Ẹ wá mú ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ fi mú un. Bí ẹ kò bá rí ìdí kọ, ẹ tún òfin náà ṣe, kì í ṣe àwòrán.

Bí ó bá kan ògiri, ẹ gba àṣẹ olówó rẹ̀. Ẹ kun àpẹẹrẹ sórí pákó, ẹ gbé e síta kí òjò pa á fún oṣù kan, kí ẹ sì dúró síbi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò dúró sí kí ẹ tó wò ó. Ohun tó dà bí ìdọ̀tí ní ìsúnmọ́ lè di ètò tó lẹ́wà bí ẹ bá rìn sẹ́yìn ní ogún ìṣísẹ̀.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ kan wà tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé àwọn kò ní rí ìparí rẹ̀?

Ó wà ní Halberstadt, ní ilẹ̀ Jámánì. John Cage, olórin ará Amẹ́ríkà tó fi nǹkan bí ogójì ọdún ju ẹyọ owó láti yan ohùn orin rẹ̀, kọ orin kan fún dùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní 1987, ó sì ní kí a lù ú bí a bá ṣe lè rọra lù ú tó. Kò sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn kan ronú pé ní 1361 ni a kọ́ dùrù ńlá kan sí ìlú Halberstadt, wọ́n ka ọdún láti ìgbà náà dé 2000, ó jẹ́ 639, wọ́n sì pinnu pé ọdún 639 ni orin náà yóò gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 2001, ó bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní St. Burchardi. Ìdákẹ́jẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Fún oṣù 17, èémí afẹ́fẹ́ inú dùrù nìkan ni a ń gbọ́, ohùn àkọ́kọ́ sì dún ní oṣù Kejì 2003. Nígbà tí ohùn yí padà ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2024, àwọn ènìyàn rìnrìn àjò wá gbọ́ ọ. Ọdún 2640 ni ó yẹ kí ó parí. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ lọ́jọ́ lásán yóò bá dùrù kékeré kan tí ń dún lọ láìdákẹ́, láìsí ẹni tó jókòó tì í. Àpò iyanrìn kéékèèké ni wọ́n so mọ́ ibi tí à ń tẹ̀ lára rẹ̀, àwọn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.